Ibùjókòó Omi Tí A Gbà

 

Àwọn tí ó máa ń ka ìwé ọdọọdún wa mọ̀ pé orí ẹ̀kọ́ nàháwù àti ìwà ọmọlúàbí ni a sábà máa ń kọ̀wé lé. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti ẹ̀fọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ìbéèrè kan tí ọmọ kan bi wá nínú oṣù kẹfà ọdún 2019, tí a kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ilé-kéwú, omi ti wọ kíláàsì ìsàlẹ̀, ó sì dé orókún. Ẹní ń léfòó, wàláà ń léfòó, omi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu àpótí tí a ń kó Àlùkùránì sí. A to àwọn ọmọ sí ìlà, wọ́n ń gba ìwé láti ọwọ́ ara wọn títí dé orí àtẹ̀gùn ilé aládùúgbò. Ibẹ̀ ni ọmọ kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ti wo ojú wa, tí ó ní: "Àfáà, ta ni ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí, ṣé omi ni tàbí àwa?"

A ní kí ó gba ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó bọ́ sómi. Ohun tí àgbàlagbà máa ń sọ nìyẹn bí ó bá mọ èsì tí kò sì fẹ́ sọ ọ́. A mọ èsì. Omi ni ó ni ín. Àwa ni a gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwó ni a ti kéwú. Nígbà èwe wa níbẹ̀, ọjọ́ Alàmísì kì í ṣe ọjọ́ eré fún ọmọ kéwú, oko Àfáà wa ni gbogbo wa máa ń lọ. A ń gbin àgbàdo, a ń gbin ẹ̀gẹ́, a sì ń kọ ebè iṣu. Àfáà wa kì í jẹ́ kí a gbin ilẹ̀ kan náà léraléra. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọn yóò ní kí a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí igbó tún bò ó, a óò sì bọ́ sí apá ibòmíràn. Bákan náà ni wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan igi tí ó wà létí odò. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan nínú wa gé ọ̀kan níbẹ̀ fún igi ìdáná. Àfáà mú un padà lọ síbẹ̀, wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ igi tí ó ṣẹ́kù, kí ó sì tún fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níbi tí ó ti gé igi. Ìkan tutù, èkejì ti gbẹ. Wọn kò nà án. Wọ́n kàn ní: "Ìwọ náà ti rí i."

A rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ní Ìwó, a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a dé Èkó.

Ní ọdún 2003 ni a dé Ajégúnlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa, kí ó fojú inú wò ó báyìí. Ní apá kan ni Àpápá wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí láti gbogbo ayé. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ́ èbúté ibẹ̀, ní ọdún 1977 sì ni wọ́n ṣí ti Tin Can Island. Ní apá kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ijaw, Urhobo, Igbo àti Hausa wà níbẹ̀. Ènìyàn pọ̀, ilẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, irà àti àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kánàlì sì ń gba àárín ilé kọjá lọ sí ọ̀sà. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí pé nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, tí kò ju kìlómítà 3,577 níbùú lóròó lọ, omi ni ó gba nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ilẹ̀ irà kan wà lẹ́yìn ilé-kéwú wa, tí ó fẹ̀ tó yàrá mẹ́fà. Màmá kan ni ó ń fi í dáko ẹ̀fọ́, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn yóò gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbọ̀rọ̀. Bí òjò bá dé, wọn yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún kókò, nítorí pé kókò kò bẹ̀rù omi. Omi gbogbo ojúlé tí ó yí wa ká ni ó ń ṣàn wá síbẹ̀. Yóò jókòó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ilẹ̀ yóò sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. A ń wò ó lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn àti ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni a rí níbẹ̀. A kò rí iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ń ṣe.

Ní ọdún 2015, àwọn ọmọ pọ̀ ju àyè lọ. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà sì fẹ́ tà á. Ìgbìmọ̀ ilé-kéwú rà á, wọ́n sì pe ìpàdé lórí bí a ó ti fi yanrìn dí i, kí a lè kọ́ kíláàsì mẹ́ta sí i. Bàbá àgbàlagbà kan dìde ní ìpàdé yẹn, wọ́n béèrè pé níbo ni omi yóò lọ. Àwa ni a dá wọn lóhùn. A ní ṣé nítorí ilé ọ̀pọ̀lọ́ ni ọmọ Mùsùlùmí kò ṣe ní ríbi jókòó kéwú ni? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ké "Allahu Akbar", ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bàbá náà jókòó, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi tú ká.

A lọ bá Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé kí wọ́n ká ohun tí wọ́n bá lè ká. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n ní: "Àfáà, ẹ ti ra ilẹ̀, ilẹ̀ ti di tiyín. Ṣùgbọ́n omi tí ó máa ń sùn síbí, ó gbọ́dọ̀ ríbi sùn o." A rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí ni.

Típà 23 ni ó já ẹrù síbẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní àdúgbò wa ni pé ìdọ̀tí ni wọn yóò kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀ nítorí pé ó dínwó, wọn yóò sì wá fi yanrìn bò ó lójú. Nínú típà 23 yìí, 15 jẹ́ ìdọ̀tí, 8 péré ni yanrìn. Ilẹ̀ náà ga, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. A ya fọ́tò lórí rẹ̀. Ìwé ọdọọdún ọdún yẹn gbé fọ́tò náà jáde, àwa sì ni a kọ ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé èyí ni ìtẹ̀síwájú.

Nígbà tí òjò ọdún 2016 dé, omi kò kọ́kọ́ wọ ilé-kéwú. Yàrá Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ó wọ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ń gbé. Omi gba orí ibùsùn, ó gba àpótí aṣọ, ó sì gba ìrẹsì ààbọ̀ àpò tí ọmọ wọn rà fún ààwẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe. A kó owó jọ, a fi ránṣẹ́ sí wọn, a sì ṣe àdúà kí Ọlọ́hun fi èyí tí ó dára jù rọ́pò. A kò sọ pé àwa ni. A gbé omi kúrò lẹ́yìnkùlé wa, a gbé e lé orí ibùsùn aládùúgbò, a sì tún gba ẹ̀san oore lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó kù ní àdúgbò rí ohun tí a ṣe, àwọn náà sì ń dí tiwọn. Ẹni tí ó ní kòtò kékeré dí i. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ gbé e ga. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, àwa ni a wá wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú ti tọ̀ wá dé àárín kíláàsì.

A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ilé-kéwú kan ni ó mú omi bo Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ọmọ kéwú mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ sáráfù. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti fi hàn pé epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń jó ti mú kí ayé gbóná sí i. Láàrin ọdún 2011 sí 2020, ayé ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju bí ó ti rí láàrin ọdún 1850 sí 1900 lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná a máa gba omi mọ́ra sí i. Bí ó bá fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i, omi tí ó lè gbé yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ohun tí ó bá sì gbé, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò tí ó yẹ kí ó rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan fi lè rọ̀ ní òru ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò tí ó rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ju mílímítà 200 lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kí ẹ lè mọ bí ó ti tó: bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò mu omi, tí omi kò sì ríbi ṣàn sí, mílímítà 200 yóò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Òkun náà ń ga. Láàrin ọdún 1901 sí 2018, ó ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i káàkiri ayé. Fún ìlú tí ó rẹlẹ̀ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí pé inú ọ̀sà ni kánàlì ń da omi sí. Bí ọ̀sà bá kún, kánàlì kò ní ríbi dà á sí, omi yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an. Bí a bá wá fi náìlọ́nù àti ike dí kánàlì náà pẹ̀lú, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni epo tí ó ń mú ayé gbóná, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ti ń já a. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ agbépo fi tò sí ojú ọ̀nà Àpápá tí ọmọ kéwú kò fi rí ọ̀nà kọjá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà nínú rẹ̀. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ kò ní oko. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì wa, inú ọkọ̀ ojú omi ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá. Iṣu, ata àti tòmátò wa, òkè ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀. Ní ọdún 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì lé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé. Ní ọdún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀, ó pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ, àwọn tí ó sì sá kúrò nílé ju mílíọ̀nù 1.4 lọ. Oko tí ó wà létí odò Ọya àti odò Benue ni omi bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó tó ẹní kan, tí ó lè hu ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀, tí ó wá fi ìdọ̀tí dí i, oúnjẹ ni ó dà nù.

Nígbà tí omi ọdún 2019 fà, a lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. A jẹ́wọ́, a sì tọrọ àforíjì. Wọ́n gbọ́ wa títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Wọn kò ní kò tọ́pẹ́, wọn kò sì ní àwọn ti forí jì wá. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: "Àfáà, ṣé ẹ máa kó yanrìn náà kúrò ni?"

Ìbéèrè yìí dùn wá ju èébú lọ. Àforíjì tí a wá tọrọ, ẹnu lásán ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ wa yóò bá ẹnu lọ.

Ní àkókò yìí ni a gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yacouba Sawadogo. Ọmọ kéwú ni òun náà. Ní kékeré ni wọ́n rán an lọ sí ilé-kéwú ní orílẹ̀-èdè Mali. Nígbà tí ọ̀dá mú agbègbè rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980, tí ilẹ̀ le bí àpáta, tí àwọn ènìyàn sì ń kó lọ, ó fi ọjà tí ó ń tà sílẹ̀, ó padà sí oko ní Gourga. Ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní zaï: kí a gbẹ́ ihò kéékèèké sílẹ̀ kí òjò tó dé. Ó mú ihò náà fẹ̀ sí i, ó kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú rẹ̀. Nígbà tí òjò díẹ̀ tí ó wà rọ̀, omi kò ṣàn lọ mọ́. Ó jókòó sínú ihò, ilẹ̀ mu ún, ọkà bàbà sì hù. Igi hù pẹ̀lú, títí ó fi di igbó tí ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 40. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood dá a lọ́lá ní ọdún 2018, ó sì kú ní ọdún 2023.

Ẹ lè sọ pé kí ni ó kan ọ̀dá pẹ̀lú omíyalé. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wò ó dáadáa, a rí i pé ìṣòro kan náà ni. Níbi tí òjò kò tó, ẹni tí kò fún omi ní ibùjókòó yóò pàdánù rẹ̀. Níbi tí òjò ti pọ̀ jù, ẹni tí kò fún omi ní ibùjókòó yóò bá a lórí ibùsùn.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Kò rọrùn. Àwọn òbí ti dá owó kíláàsì mẹ́ta, ẹnìkan sì bínú dìde pé Àfáà fẹ́ fi owó ilé-kéwú gbẹ́ kòtò. Bàbá tí ó béèrè ìbéèrè ní ọdún 2015 ti ṣaláìsí nígbà náà, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. A kò lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Níwájú gbogbo ìgbìmọ̀ ni a ti sọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ ní ọjọ́ náà, àti pé àwa tí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni a ṣìnà. Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, wọ́n fẹnu kò pé kí a kọ́ kíláàsì kan péré, kí ó wà lórí òpó, kí a sì dá ìyókù ilẹ̀ padà fún omi.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ó rọrùn láti dí irà, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi gbẹ́ ẹ. Náìlọ́nù, ike, bàtà, wáyà àti bátìrì ni a ń bá lábẹ́ yanrìn. A kò lè gbin ohun jíjẹ sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò mọ májèlé tí ó ti wọ inú rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gbin koríko àti òdòdó etí omi sí ìsàlẹ̀ náà, kí a sì gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. A ra ilẹ̀dú díẹ̀, a sì ń ṣe ìyókù fúnra wa láti inú èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé tí àwọn olóúnjẹ àdúgbò ń dà nù. Àpò ìrẹsì 60 ni a kún, a sì gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀ àti ata sínú wọn.

Omi tí a ń bu sí ẹ̀fọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìyanu ni pé nínú ìlú tí omi ń gbá ilé lọ, owó ni a fi ń ra omi. Kànga àdúgbò wa pupa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti níyọ̀, nítorí pé bí a bá ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù nítòsí òkun, omi iyọ̀ ni yóò wá gba ipò rẹ̀. Ọwọ́ àwọn mẹ́rúwà ni a ti ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. A wọn omi tí àwọn ọmọ ń fi ṣe àlùwàlá Ásárì lábẹ́ ẹ̀rọ: lítà 4 ni ọmọ kan ń lò. Àwọn ọmọ 130 ni a ní. Ìyẹn jẹ́ lítà 520 lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì 21 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ń kọ́ wọn nínú hádíìsì pé òṣùwọ̀n múdù kan ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀. Múdù kan kò tó lítà kan, bíi píọ̀-wọ́tà kan àti ààbọ̀ ni. A pa ẹ̀rọ náà tì, a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bútà tí ó gba lítà 1. Kẹ́ẹ̀gì 21 di 6. Omi tí ó bá sì ti ara wọn kán sílẹ̀, tí kò ní ọṣẹ nínú, a la gọ́tà kékeré fún un lọ sínú garawa ńlá kan, ibẹ̀ ni a ti ń bù ú sí ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Hádíìsì mìíràn tún wà tí ó kọ́ wa pé ẹni tí ó bá gbin ohun kan, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. A ti kọ́ ọmọ ní hádíìsì yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún láì ní ọkọ́ kan ṣoṣo nínú ilé-kéwú. Ní báyìí ọkọ́ wà, ó sì ní ọmọ tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

A kò ní purọ́ fún yín. Àpò 60 kò lè bọ́ Ajégúnlẹ̀, irà kékeré kan kò sì lè gba omi gbogbo ìlú mu. Bí ìjọba kò bá kó ìdọ̀tí inú kánàlì, tí àwa náà kò sì yé dà á síbẹ̀, omi yóò tún wá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dá ilẹ̀ náà padà, omi ń dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ìsàlẹ̀ nígbà òjò ńlá, kò sì wọlé mọ́. Ní yàrá Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ṣì wọlé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n kò dé orí ibùsùn. Èyí ni ìwọ̀n ohun tí a rí tún ṣe nínú ohun tí a bàjẹ́.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé-kéwú gbogbo: kí ẹ tó ra típà yanrìn, ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń lọ. Kí ẹ bi ẹni tí ó ń gbé lẹ́yìn ilẹ̀ náà léèrè. Bí àgbàlagbà kan bá dìde ní ìpàdé tí ó béèrè pé níbo ni omi yóò lọ, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má ṣe ju náìlọ́nù píọ̀-wọ́tà sí gọ́tà, ẹ má sì ṣe fi omi àlùwàlá ṣòfò bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó san owó rẹ̀.

Ọmọ tí ó bi wá ní ìbéèrè ní ọdún 2019 ti dàgbà, ó sì ti ń múra láti ṣe wòlímà. A ti dá a lóhùn, ó pẹ́ ṣùgbọ́n a dá a lóhùn. A ní omi ni ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀, a kò sì ní lọ láìjẹ́ pé a bá a pín in.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ èyí, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ wọlé wá wo ewédú tí àwọn ọmọ gbìn. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rà á mọ́ ìka, wọ́n sì ní: "Àfáà, ẹ gbìn ín pọ̀ mọ́ra jù. Ẹ fà á kí ó lè ríbi mí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fà á. Àwa náà bẹ̀rẹ̀, a ń bá wọn fà á.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá, kí ó má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ tí ó fi sí ìkáwọ́ wa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.